Bó o ṣe lè gba ìfètòsọ́mọbíbí lọ́fẹ̀ẹ́ ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi obìnrin, ẹ má tíì sáré lọ kẹ́míìsì o. Látọdún 2011 nìjọba Nàìjíríà ti ní ká máa gba oògùn ìfètòsọ́mọbíbí lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọsibítù ìjọba, UNFPA, ìyẹn àjọ kan lábẹ́ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè, wà lára àwọn tó ń bá wa rà á wọlé. Tètè lọ láàárọ̀, kó o sì kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì pé èwo ló wà ńlẹ̀, torí ó máa ń tán.

Wọ́n á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ, wọ́n á bi ẹ́ nípa nǹkan oṣù ẹ, má parọ́ o. Jadelle ni ti apá, nǹkan tín-ín-rín méjì ni wọ́n máa ń kì sábẹ́ awọ, ọdún 5 ló ń lò, wọ́n á gún ẹ lábẹ́rẹ́ apàrora síbẹ̀ kó má baà dùn ẹ́. Sayana Press ńkọ́? Abẹ́rẹ́ ni, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń gún un, tí wọ́n bá ti kọ́ ẹ, o lè máa gún un fúnra ẹ nítan tàbí níkùn, èmi fẹ́ràn ìyẹn fún ẹni tọ́nà ẹ̀ jìn.

Tí wọ́n bá ní kó o sanwó, béèrè pé ṣé ti ìbọ̀wọ́ àti òwú ni àbí ti oògùn, torí ọ̀fẹ́ ni ti oògùn. Gba káàdì ẹ. Kò sì séyìí tó ń dènà HIV nínú àwọn tí mo kà yìí, gba kọ́ńdọ̀mù mọ́ ọn.