Wáyà Ilé Àtijọ́: Èyí Tó Lè Pani Lónìí àti Èyí Tó Lè Dúró

Ilé bàbá pọ̀ ní Kàbbà, Mọ̀pà àti Ìsánlú tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti fa iná sí i, wọn ò pààrọ̀ wáyà inú rẹ̀ rí. Bí oníwáyà bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, ó lè ní kẹ́ ẹ tú gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹ má sáré náwó. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń sọ wáyà di eléwu. Ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bi àbùkù kọ̀ọ̀kan: ṣé ọwọ́ lè kan iná níbẹ̀? Ṣé ó ń gbóná? Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ṣé ohun kan wà tó máa já iná náà kíákíá?

Ojú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò, kì í ṣe ọwọ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì káàkiri iyàrá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó fọ́ débi pé bàbà inú rẹ̀ hàn, tàbí wáyà tí wọ́n fi ọ̀rá wé, iṣẹ́ òní nìyẹn. Ẹ pa iná ilé láti orísun títí wọ́n á fi tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni fíríìjì tàbí irin ẹnu ọ̀nà tó ń gbé èèyàn. Ọ̀pọ̀ máa ń ní, “Ó kàn ń ta mí díẹ̀ ni.” Ẹ jọ̀ọ́, kò sí díẹ̀ níbẹ̀. Iná ti jò sára irin, éáàtì kò sì sí tó máa gbé e lọ sínú ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí omi bá wà lọ́wọ́, tí ẹsẹ̀ sì wà lórí sìmẹ́ńtì láìsí bàtà, iná yẹn kan náà lè pani.

Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ wá fíúsì wò. Kí oníwáyà pa iná, kó sì ṣí i. Fíúsì gílóòbù kò yẹ kó ju ámípù 5 lọ. Bó bá jẹ́ bàbà tí wọ́n yọ lára wáyà ni wọ́n lọ́ síbẹ̀, fíúsì náà ò ní já láé; wáyà inú àjà ló máa kọ́kọ́ gbaná. Èyí náà kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ rárá.

Nípa gbígbóná: ẹ tan ayọ́ọ̀nù fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ pa suwíìṣì, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti dúdú, tàbí tí ike ń rùn, ojú ìsopọ̀ ti tú tàbí wáyà kéré. Sítóòfù oníná wáàtì 2,000 ń fa nǹkan bí ámípù 9. Tẹ́ ẹ bá so ayọ́ọ̀nù wáàtì 1,000 mọ́ ọn, ó di 13. Sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú róbótó ti ámípù 5 kò lè gbé e. Ẹ má lo ibẹ̀ mọ́, kẹ́ ẹ tún un ṣe lọ́sẹ̀ yìí.

Ilé tí wọ́n tì pa títí di Kérésì, eku ti jẹun nínú àjà rẹ̀. Bí ara rọ́bà wáyà bá ń sán tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó ti parí. Kí oníwáyà fi mẹ́gà, ẹ̀rọ tó ń fi hàn bóyá iná ń jò gba ara rọ́bà wáyà, wọ̀n ọ́n ní fóòtì 500. Bí kò bá tó mẹ́gáòmù 1, kò tíì yẹ láti tanná sí.

Wáyà pupa àti dúdú ayé àtijọ́, tàbí wáyà tí wọ́n kàn mọ́ igi lára ògiri, bí ara rẹ̀ bá ṣì le, ó lè dúró. Owó tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi pààrọ̀ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ri éáàtì mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì ra bírékà mílíámípù 30, èyí tó máa ń já iná kíákíá bí iná bá jò. Ẹ máa tẹ bọ́tìnnì àyẹ̀wò ara rẹ̀ lóòrèkóòrè. Bí kò bá já, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.