Bí mo ṣe ṣètò ìwé kíkà kọ́ọ̀sì kan nílé ìkàwé yunifásítì

Kọ́ọ̀sì lítíréṣọ̀ Yorùbá ni, akẹ́kọ̀ọ́ 120, ìwé 9. Ó ku ọ̀sẹ̀ 6 kí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, torí pé ìwé tí ẹlòmíràn yá lọ máa ń pẹ́ kó tó padà.

Àkọlé nìkan kò tó láti kọ ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé. Fún ìwé kọ̀ọ̀kan, mo kọ orúkọ òǹkọ̀wé, ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́, ọdún, ISBN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé) bó bá ní in, orí tí a ó kà àti ọ̀sẹ̀ tí a ó kà á. Orí ìwé ni kí ẹ fi ṣe atọ́nà, ẹ má gbára lé nọ́ńbà ojú ìwé, nítorí pé ojú ìwé 42 nínú ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ lè ti di 57 nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀.

Wíwá ìwé Yorùbá nínú kátálọ́ọ̀gì ló gba àkókò jù. Ìwé tó jáde ṣáájú àkọtọ́ 1974 máa ń ní “aiye” àti “enia” nínú àkọlé. Ẹni tó bá tẹ “ayé” tàbí “ènìyàn” lè máà rí i. Àmì ohùn náà ń dá kún un: àwọn kan kọ àkọlé sínú kátálọ́ọ̀gì láìfi àmì kankan sí i, àwọn mìíràn fi sí i. Èyí tó le jù kò hàn sójú rárá. Lórí kọ̀ǹpútà, “ọ” lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ “o” tí wọ́n fi àmì abẹ́ kún. Bákan náà ni wọ́n rí lójú wa, àmọ́ kátálọ́ọ̀gì mìíràn kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Orúkọ òǹkọ̀wé láìsí àmì ni mo kọ́kọ́ fi wá a, lẹ́yìn náà àkọlé ní àkọtọ́ àtijọ́, lẹ́yìn náà ní tòde òní. Èyí tí kò jáde síbẹ̀, mo lọ wá a lórí pẹpẹ láti PL8821 dé PL8824, níbi tí ètò Library of Congress, ìyẹn ètò nọ́ńbà tí wọ́n fi ń to ìwé sórí pẹpẹ, ń to ìwé Yorùbá sí.

Ẹ rí i pé ẹ dé ìdí pẹpẹ fúnra yín. Bí kátálọ́ọ̀gì bá ní ìwé wà nílẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni kò yá a. Wọ́n lè ti tò ó síbi tí kì í ṣe tirẹ̀, ojú ìwé sì lè ti ya kúrò. Mo ṣí orí tí a fẹ́ kà nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan.

Ìṣirò ló kàn. Bí Reserve, ibi tí wọ́n ń kó ìwé kọ́ọ̀sì pamọ́ sí fún kíkà fún wákàtí díẹ̀, bá ń ṣí láti aago 8 àárọ̀ sí 6 ìrọ̀lẹ́, tí wákàtí 2 sì jẹ́ ti ẹnì kan, èèyàn 5 ló lè ka ẹ̀dà kan lóòjọ́. Ẹ̀dà 3 á kárí 15. Akẹ́kọ̀ọ́ 120 yóò gba ọjọ́ iṣẹ́ 8. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kíláàsì ni mo kéde ohun tí a ó kà. Ìwé tó ní ẹ̀dà kan ṣoṣo yóò gba ọjọ́ iṣẹ́ 24, kò ṣeé ṣe. Irú rẹ̀ ni mo ní kí wọ́n skáànù orí kan péré nínú rẹ̀, ní 300 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe mọ́ tó), pẹ̀lú ojú ìwé àkọlé. Ẹ yẹ ibi tí ìwé ti ká wọnú wò dáadáa, ibẹ̀ ni ìparí ìlà ti máa ń pòórá.

Koha, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣàkóso ilé ìkàwé, ni ilé ìkàwé náà ń lò. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ dá kọ́ọ̀sì náà sílẹ̀ nínú Course Reserves, apá Koha tó wà fún ìwé kọ́ọ̀sì, ó sì ka barcode (àmì onílà tí ẹ̀rọ ń kà) ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sí i. Ẹ̀dà 3, barcode 3. Èyí tí kò bá kà yóò ṣì máa jáde lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ yí irú ìwé náà sí ti wákàtí 2. Bí kò bá yí i, ìwé á hàn lábẹ́ kọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ tó dé yóò gbé e lọ sílé. Mo dúró tì í títí a fi yẹ ìwé 9 náà wò tán. Nígbà tí sẹ̀mẹ́sítà parí, mo ní kó pa kọ́ọ̀sì náà, gbogbo ẹ̀dà sì padà sí ipò wọn àtijọ́ fúnra wọn.