Bí ẹ ṣe máa tọ́jú ìgbẹ́ fún ìwádìí kòkòrò inú ìfun

Ìgbẹ́ tó bá ti jáde, àwọn kòkòrò inú ẹ̀ (bakitéríà tójú ò lè rí, kì í ṣe aràn) ò dúró o, àwọn kan ṣì ń jẹun tí wọ́n ń pọ̀ sí i, àwọn tí atẹ́gùn ò bá lára mu sì ń kú lọ, torí náà tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ nínú ooru di ọjọ́ kejì, nǹkan tí lábù máa rí lè yàtọ̀ gan-an sí nǹkan tó wà nínú ìfun yín.

Ẹ kọ́kọ́ tọ̀ tán, kí ìtọ̀ má bàa dà pọ̀ mọ́ ọn, omi tọ́ílẹ̀ẹ̀tì náà ò gbọdọ̀ kàn án. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bù ú lójú mẹ́ta mẹ́rin torí ojú kan ò jọ ìkejì.

Fírísà -80°C ló dáa jù. Ẹ pín in sínú ike kéékèèké kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé, kó má di pé ó ń yọ́ ó tún ń dì, ìyẹn máa ń bà á jẹ́ gan-an. Tí ò bá sí, ẹ gbé e sí fíríìjì 4°C, kó dé lábù kí wákàtí 24 tó pé. Tọ́nà bá jìn ńkọ́? Ẹ pò ó dáadáa mọ́ ethanol 95% (ọtí líle tí wọ́n ń lò ní lábù), ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe 70%, ìyẹn ò lágbára tó. Àmọ́ ethanol máa pa àwọn kòkòrò yẹn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́ wọn dàgbà ní lábù, ẹ má lò ó.

Pẹ́ńsùlù ni kẹ́ ẹ fi kọ nọ́ńbà àti déètì sára ike, torí ethanol máa ń pa íǹkì rẹ́.