Bí Mo Ṣe Fa Ìlà Sílẹ̀ fún Ẹsẹ̀ Bàbá Mi

Ọdún kẹfà rèé tí àìsàn Parkinson ti wà lára Bàbá mi. Ọwọ́ gbígbọ̀n kọ́ ni ó ń dà wá láàmú jù nínú ilé wa ní Ìbàdàn, bí kò ṣe ẹsẹ̀ wọn tí ó máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ lójijì. Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, ara wọn yóò fẹ́ máa lọ síwájú, gìgísẹ̀ wọn yóò gbéra, ṣùgbọ́n ọmọ ìka ẹsẹ̀ kò ní kúrò nílẹ̀, wọn yóò sì wà níbẹ̀ títí ẹnìkan yóò fi wá dì wọ́n mú. Wọ́n á ní, "Ẹsẹ̀ yìí tún ti kọ̀ sí mi lẹ́nu." Síbẹ̀, Bàbá kan náà yìí ń gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì wa láìdúró rárá.

Àtẹ̀gùn yẹn ni mo lọ fi bi obìnrin tí ó ń ṣe fisiotẹ́rápì fún wọn. Ó ṣàlàyé pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ń pèsè èròjà dopamine nínú ọpọlọ ni ó ń kú, bẹ́ẹ̀ ni èròjà yìí ni ọpọlọ fi ń darí ìrìn tí a ń rìn láìronú sí i; ṣùgbọ́n bí ojú bá rí ohun tí ẹsẹ̀ lè rékọjá, ọpọlọ a máa gba ọ̀nà mìíràn, bí onílé tí ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé nígbà tí ìlẹ̀kùn iwájú há. Dókítà James Purdon Martin ti kọ ọ́ sínú ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1967 pé ìlà tí a fà dábùú ọ̀nà máa ń mú irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbéra.

Òdì rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo na téèpù alálẹ̀mọ́ kan gbọọrọ láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn dé balùwẹ̀, mo rò pé yóò tọ́ wọn sọ́nà. Bàbá gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ sì tún lẹ̀. Mo ṣí gbogbo rẹ̀ kúrò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ní nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn tí wọ́n lo oògùn wọn, levodopa, nígbà tí ìrìn wọn dára jù, mo tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, mo ń sàmì sí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ wọn ní gbogbo ìgbésẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 48 ni àlàfo tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn àmì náà, òun ni mo sì fi sí àárín àwọn ìlà tí mo fà dábùú ọ̀nà, nítorí pé bí ìlà bá sún mọ́ra jù, yóò sọ ìrìn wọn di kéékèèké, bí ó bá sì jìnnà síra jù, wọn yóò máa na ẹsẹ̀ débi tí wọ́n lè ṣubú. Téèpù aláwọ̀ ìyeyè ni mo rà, kí ó lè hàn lórí sìmẹ́ǹtì wa tí ó ti dúdú. Mo fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ etí ìlà kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ dáadáa, torí pé téèpù tí etí rẹ̀ ká sókè lè gbé arúgbó ṣubú.

Ẹnu ọ̀nà ni ó gba ọgbọ́n jù. Ìlà tí ó parí síwájú ìlẹ̀kùn kò wúlò. Àfìgbà tí mo fa mẹ́ta sí i wọ inú balùwẹ̀ ni Bàbá tó kọjá láìdúró. Níbi tí wọ́n ti ń yípo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo tẹ́ àwọn ìlà náà kí wọ́n fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Manchester fi ọ̀pá ìtilẹ̀ kan ránṣẹ́, èyí tí ó ń tan ìlà iná pupa síwájú ẹsẹ̀ bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nínú oòrùn, a kò rí ìlà náà rárá, inú mi sì bàjẹ́. Àmọ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, tí ojú kò rí téèpù mọ́, ìlà pupa náà hàn ketekete, Bàbá sì lọ sí balùwẹ̀, wọ́n padà, wọn kò pe ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, téèpù wà fún ọ̀sán, ọ̀pá wà fún òru, mo sì ń pààrọ̀ àwọn ìlà inú balùwẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, nítorí pé omi ń ṣí wọn.