Ìpíndọ́gba àti Iye Àárín: Bí A Ṣe Ń Mọ Ìwọ̀n Ẹ̀gẹ́ Tí Ó Wà Lóko Kí A Tó Tà Á

Àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ ta odidi oko ẹ̀gẹ́ láìtíì hú u gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ kí oníbàárà tó dá iye lé e. Kí ó hu ìdí mélòó kan káàkiri oko, kì í ṣe ní ẹ̀bá ọ̀nà nìkan, kí ó gbọn yẹ̀pẹ̀ ara wọn dànù, kí ó sì wọn ìdí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìdí méje ni a hú, tí wọ́n sì wọn kílò 2, 1, 10, 2, 3, 1 àti 2. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di 21. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 7, kílò 3 ni ó kan ìdí kọ̀ọ̀kan. Ìpíndọ́gba nìyẹn. Láti rí iye àárín, a ó tò wọ́n láti orí èyí tí ó kéré jù: 1, 1, 2, 2, 2, 3, 10. Ẹ̀kẹrin, tí mẹ́ta ṣáájú rẹ̀ tí mẹ́ta sì tẹ̀lé e, ni iye àárín, ìyẹn kílò 2. (Bí ó bá jẹ́ ìdí mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ni a hú, méjì ni yóò bọ́ sí àárín, a ó ro wọ́n pọ̀, a ó sì pín in sí méjì.)

Ìdí tí ó wọn kílò 10 yẹn ni ó dá ìyàtọ̀ sílẹ̀. Òun nìkan ni ó ju ìpíndọ́gba lọ; márùn-ún nínú àwọn yòókù kò tilẹ̀ tó o. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ìpíndọ́gba á já wálẹ̀ sí ohun tí kò pé kílò 2, ṣùgbọ́n iye àárín á dúró sórí 2 rẹ̀. Lórí hẹ́kítà kan tí a fi mítà 1 sí mítà 1 gbìn, níbi tí ìdí 10,000 wà, ìpíndọ́gba á pe oko náà ní tọ́ọ̀nù 30, iye àárín á sì pè é ní 20. Owó kékeré kọ́ ni ó wà láàárín méjèèjì.

Nítorí pé àpapọ̀ oko ni oníbàárà ń rà, ìpíndọ́gba ni ó yẹ kí a lò, àmọ́ kí a kọ́kọ́ padà lọ wo ibi tí a ti hu ìdí ńlá náà. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bá ààtàn àtijọ́ ni, níbi tí irú rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ, kí a ṣírò apá ibẹ̀ lọ́tọ̀. Bí irú rẹ̀ bá wà káàkiri oko, a kò gbọdọ̀ yọ ọ́ kúrò. Ńṣe ni kí a hu ìdí púpọ̀ sí i, nítorí méje kéré fún irú oko bẹ́ẹ̀.

Ti inú ilé yàtọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ rẹ ẹ̀gẹ́ kílò 12 fún fùfú, tí ó fi ìpíndọ́gba ṣírò, á hu ìdí mẹ́rin, ó sì ṣeé ṣe kí ó má tó o, nítorí ọ̀pọ̀ ìdí kò pé kílò 3. Kí ó fi iye àárín ṣírò, kí ó hu mẹ́fà.