Bí A Ṣe Ń Múra fún Ìdánwò OCSMP láti Abẹ́òkúta

OCSMP (OMG Certified Systems Modeling Professional) ni ìwé-ẹ̀rí tí àjọ OMG (Object Management Group), tó ń bójú tó èdè SysML, ń fún ẹni tó bá mọ èdè SysML kà, tó sì mọ̀ ọ́n lò. Èdè àwòrán ni SysML. Òun ni àwọn ẹnjiníà fi ń ṣàlàyé bí ẹ̀rọ, ènìyàn, sọ́fítíwíà àti òfin iṣẹ́ ṣe so kọ́ra, kí ẹnikẹ́ni tó náwó sórí irin. Èèyàn lè jókòó sí Àdátán tàbí Pánṣẹ́kẹ́ kó múra fún un dójú ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ipele tí ẹ ń lọ. Mẹ́rin ni: Model User, Model Builder Fundamental, Model Builder Intermediate àti Model Builder Advanced. Àkàbà ni, ẹ ò lè fo ìsàlẹ̀ gba òkè. Model User wà fún ẹni tó fẹ́ ka àwòrán tí ẹlòmíì yà, kò di dandan kó ti ya ọ̀kan rí. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o, torí àmì kékeré ni wọ́n fi ń mú èèyàn níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ẹ̀yà SysML tí ìdánwò yín dá lé, kí ẹ tó ra ìwé kankan. Ọdún 2025 ni OMG fọwọ́ sí ẹ̀yà kejì, ó sì yàtọ̀ gan-an sí ti àkọ́kọ́: a lè fi ọ̀rọ̀ kíkọ sílẹ̀ gbé àwòṣe kalẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yà kìíní ni mo ń sọ níhìn-ín. Ìwé òfin èdè náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì OMG, ṣùgbọ́n ẹ má kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, oorun á gbé yín lọ. Ìgbà tí nǹkan bá rú yín lójú ni kí ẹ ṣí i. Papyrus àti Gaphor jẹ́ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí ẹ lè fi ya àwòrán. Èmi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi sọ́fítíwíà bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń tún àṣìṣe yín ṣe láìsọ fún yín, bẹ́ẹ̀ kò ní bá yín wọ yàrá ìdánwò. Ìwé àti pẹ́ńsùlù tó, iná ì báà lọ.

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí: ẹ mú ohun kan tí ẹ mọ̀ dunjú, kí ẹ fi gbogbo oríṣi àwòrán mẹ́sàn-án tí SysML ní yà á. Ẹ jẹ́ ká mú kànga ẹ̀rọ tó wà nínú ọgbà, tó ń fa omi sínú táńkì orí òpó. Àkọlé férémù, ìyẹn àpótí tó yí àwòrán kọ̀ọ̀kan ká, ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀: bdd (àwọn ẹ̀yà ètò àti bí wọ́n ṣe tan mọ́ra), ibd (bí ẹ̀yà ṣe so pọ̀ nínú lọ́hùn-ún), pkg (bí a ṣe to àwòṣe), par (ìṣirò tó so iye pọ̀), req (ohun tí a béèrè), act (bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn), sd (bí ẹ̀yà ṣe ń ránṣẹ́ síra wọn), stm (ipò tí nǹkan lè wà), uc (ohun tí èèyàn fẹ́ fi ètò ṣe).

Nínú bdd, ẹ̀rọ tó ń fa omi àti táńkì jẹ́ ara ètò omi yín, nítorí náà àmì dáyámọ́ǹdì dúdú ni ẹ ó fi sórí ìlà tó so wọ́n pọ̀ mọ́ ọn, apá ọ̀dọ̀ odidi ni dáyámọ́ǹdì náà sì máa ń wà. Iná IBEDC kì í ṣe tiyín, ẹ kàn ń lò ó ni, funfun ló tọ́ sí i. Nínú req, ẹ kọ ọ́ pé “Táńkì kò gbọdọ̀ kún àkúnwọ́sílẹ̀.” Ẹ fa òmíràn jáde láti inú rẹ̀: “Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró fúnra rẹ̀ bí omi bá dé ojú àmì.” Ọfà deriveReqt yóò kúrò lára èyí tí ẹ fà jáde, yóò tọ́ka sí orísun rẹ̀. Ọfà satisfy náà yóò kúrò lára ẹ̀rọ, yóò tọ́ka sí ohun tí a béèrè. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń yí ọfà méjèèjì padà, torí ọkàn wa ń ronú láti òkè wá sílẹ̀.

Nínú stm, ẹ kọ ọ̀nà láti “Ó sinmi” sí “Ó ń fa omi” báyìí: omi lọ sílẹ̀ [iná wà] / tan ẹ̀rọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ṣáájú, àdéhùn wà nínú àkámọ́, ìgbésẹ̀ ló kẹ́yìn. Act ló le jù. Bí ọfà méjì bá wọ iṣẹ́ kan ṣoṣo, iṣẹ́ náà kò ní bẹ̀rẹ̀ títí méjèèjì yóò fi dé. Merge (àmì ibi tí ọ̀nà púpọ̀ ti di ọ̀kan) kì í dúró de ẹnikẹ́ni, join (ìlà tó nípọn tó ń so àwọn ọ̀nà tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀) ló ń dúró. Ẹ fi owó ẹyọ sórí ìwé, kí ẹ máa tì í kiri bíi tókìnì, ìyẹn àmì tó ń fi ibi tí iṣẹ́ dé hàn, ẹ ó rí i fúnra yín.

Par ń so iye pọ̀ ni. Bí táńkì bá gba lítà 2,000, tí ẹ̀rọ sì ń fa lítà 40 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 50 ni yóò fi kún. Ṣùgbọ́n àwòrán náà kò sọ èwo ni kí a fi wá èwo. Ẹ fún un ní méjì nínú mẹ́ta, ìkẹta á jáde.

Tí àwòrán bá ti pé, ẹ pe ẹnì kan tí kì í ṣe ẹnjiníà, kí ẹ fi Yorùbá kà á fún un. Ibi tí ẹ bá ti ń kólòlò ni kí ẹ padà sí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá máa dáhùn ìbéèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú aago lórí tábìlì.

Orí ìkànnì Pearson VUE, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣètò ìdánwò náà, ni ẹ ó ti forúkọ sílẹ̀. Dọ́là ni owó rẹ̀, ẹ tètè bi báǹkì yín bóyá káàdì yín lè san án. Ẹ wo ibùdó tó súnmọ́ yín níbẹ̀; bó bá jẹ́ Èkó, reluwé láti ibùdókọ̀ Laderin wà, àmọ́ ẹ lọ sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Orúkọ tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ìdánimọ̀ yín mu. Àwa tí orúkọ wa pọ̀ ni kó ṣọ́ra: bí Ọláìyá bá wà nínú pásípọ́ọ̀tù, tó sì jẹ́ Àdùnní nìkan lẹ kọ sórí fọ́ọ̀mù, wọ́n lè má jẹ́ kí ẹ wọlé.