Ẹja bass ìbẹ̀rẹ̀ ìrúwé ní Texas: kẹ́ ẹ tó ju ìwọ̀ sómi

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pa ẹja bass ní adágún Conroe, lápá àríwá Houston, mo fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí màámi ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ mọ Ẹ̀pẹ́, wọn kì í fi ẹja ṣeré níbẹ̀. Wọ́n wo bí mo ṣe gbé e sókè, bí mo ṣe fi tépù wọ̀n ọ́n, bí mo ṣe rọra dá a padà sínú omi. Wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀: "Kí ló ṣe ẹja yẹn? Ṣé ó ń ṣàìsàn ni?" Mo ní kò sóhun tó ṣe é. Wọ́n ní, "Ìwọ wá ni nǹkan ń ṣe."

Mo sọ ìyẹn torí pé ẹni tó ti ìdílé apẹja wá gan-an ló tètè ń kọsẹ̀ níbí. Bass kì í ṣe ọjà. Òfin Texas kò gbà kẹ́nikẹ́ni ta èyí tó bá pa nínú adágún. Àwọ̀n náà kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀: ọ̀pá, okùn àti ìwọ̀, ó tán.

Kẹ́ ẹ tó ra ọ̀pá, ẹ ra láísẹ́ǹsì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 kò nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàlagbà nílò rẹ̀, kódà kó jẹ́ ẹja kan ṣoṣo ló fẹ́ pa. Texas Parks and Wildlife, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹja àti ẹran igbó, ló ni ín. Ẹ lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ní Walmart. Tó bá jẹ́ pé adágún àti odò nìkan lẹ fẹ́ lọ, 30 dọ́là ni fún ẹni tó ti gbé Texas ju oṣù mẹ́fà lọ láìkúrò. Ẹni tí kò tíì pé bẹ́ẹ̀ á san 58. Ibi tó ti ń dun àwọn èèyàn wa nìyí: láísẹ́ǹsì yìí ń kú ní August 31, ọjọ́ yòówù kẹ́ ẹ rà á. Èyí tẹ́ ẹ rà ní àárín March, oṣù márùn-ún àti ààbọ̀ péré lẹ máa jẹ níbẹ̀. Ẹni tó ti gbé Texas ju oṣù mẹ́fà yẹn lọ lè san 47 dọ́là fún oríṣi kan tó ń lo ọdún kan gbáko láti ọjọ́ tó rà á, ó sì gba ti òkun mọ́ ọn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò sì tíì mọ̀ bóyá òun máa fẹ́ràn rẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ sínú state park, ìyẹn ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Bí ẹ bá dúró sí etí omi nínú ọgbà yẹn, ẹ ò nílò láísẹ́ǹsì rárá.

Game warden, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ òfin ẹja àti ọdẹ, lè yọ sí yín nígbàkigbà. Wọ́n á kí yín tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n á béèrè láísẹ́ǹsì, wọ́n á ní kẹ́ ẹ ṣí kúlà. Ẹ má bá wọn ṣàwíjàre, ẹ ṣí i.

Bass márùn-ún lẹ lè mú relé lójúmọ́, èyí tí kò bá sì tó íǹṣì 14, ẹ dá a padà. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé, ẹ fún ìrù rẹ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n òfin adágún kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ní Lake Fork, lápá ìlà-oòrùn Dallas, èyí tó bá gùn ju 16 lọ tí kò sì tó 24 gbọ́dọ̀ padà sómi. Èyí tó tó 24, ẹyọ kan péré lójúmọ́. Inú adágún yìí náà ni wọ́n ti pa bass tó tóbi jù lọ nínú ìwé àkọsílẹ̀ Texas, ní January 1992: pọ́n-ùn 18.18.

Ṣé ó ṣeé jẹ? Ó ṣeé jẹ. Ẹran rẹ̀ funfun, kò lọ́ràá bíi ti àrọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìkìlọ̀ wà lórí adágún tẹ́ ẹ ti pa á. Ní adágún Caddo, fún àpẹẹrẹ, ìjọba ti kìlọ̀ nípa mercury, èròjà olóró kan, inú bass, pàápàá fún aláboyún àti ọmọdé. Tó bá jẹ́ ọbẹ̀ ló wà lọ́kàn èmi o, àrọ̀ ni mò ń wá kiri.

Ìdí tí ìbẹ̀rẹ̀ ìrúwé fi dáa ni pé ẹja ń bọ̀ wá bá yín létí omi, ẹ ò nílò ọkọ̀. Nígbà òtútù, ibú ló ń wà, ó sì ń ṣọ̀lẹ oúnjẹ. Láti February, bí omi bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó nǹkan bí 55 Fahrenheit, á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ síbi tí kò jìn. Tó bá wọ 60 sí 65, ó di ìgbà ẹyin. Akọ ló ń fi ìrù gbá ilẹ̀ abẹ́ omi mọ́, òun náà ló ń ṣọ́ ẹyin. Abo ti bá tiẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fa akọ yẹn kúrò, àwọn ẹja kéékèèké á ya bo ẹyin, nítorí náà ojú ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ti dá a padà, kíá. Etí omi tó wà lápá àríwá adágún ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ: oòrùn ń pa á, ìjì àríwá kò sì rí i mú. Bí òtútù bá já lójijì lálẹ́, ẹ sùn láàárọ̀.

Ìjẹ tí mo fi ń kọ́ àlejò ni ekòló onírọ́bà. Ẹ ki òjé kékeré tó ṣe ṣóńṣó bọ okùn, ẹ so ìwọ̀ mọ́ ọn, ẹ gún orí ekòló náà, ẹ fà á yọ lábẹ́, ẹ yí ìwọ̀ padà, kẹ́ ẹ wá fi ẹnu rẹ̀ pamọ́ sínú ara ekòló. Texas rig ni wọ́n ń pè é, kì í fi bẹ́ẹ̀ há sí gbòǹgbò igi. Ẹ jù ú, ẹ jẹ́ kó dé ìsàlẹ̀, ẹ fà á díẹ̀, ẹ dúró. Ìgbà tẹ́ ẹ dúró yẹn ló máa ń gbé e. Ẹ má retí ìjàkadì. Á kàn dà bíi pé ẹnì kan fi ìka kan okùn kọ́, kọ́. Ẹ gbé ọ̀pá sókè nígbà náà! Tó bá dé ọwọ́, ẹ fi àtàǹpàkò di ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú. Eyín rẹ̀ dà bíi sáńpépà, àwọn ará ibí sì máa ń fi àtàǹpàkò tó bó ṣe fáàrí lọ́jọ́ Monday níbi iṣẹ́.

Níbi iṣẹ́ náà ni ìdíje ẹja pípa ti kàn mí. Ọ̀gbẹ́ni kan tá a jọ ń ṣe shift ní kí n bá òun wọ ọkọ̀. Èèyàn méjì-méjì nínú ọkọ̀ kan, owó ìwọlé, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa wọ́n ti tò sórí omi. Ẹja márùn-ún tó wúwo jù lẹ máa gbé wá sórí òṣùwọ̀n, láàyè. Inú ọkọ̀ ni àpótí omi wà fún wọn, pẹ̀lú pọ́ǹpù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Èmi ni mo kó ẹja wọlé lọ́sàn-án, èmi náà ni mo gbàgbé láti tan pọ́ǹpù. Nígbà tá a ṣí i, méjì ti dojú ikùn sókè. Wọ́n yọ ìdámẹ́rin pọ́n-ùn nínú ìwọ̀n wa lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kú, a sì fi díẹ̀ pàdánù ipò kẹta. Ọ̀gbẹ́ni yẹn kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ẹ bi ẹgbẹ́ yòówù tẹ́ ẹ bá wọ̀ léèrè ìjìyà ẹja tó kú àti ti ẹni tó bá pẹ́ dé.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín ki òjé sí ẹja nínú kó lè wúwo sí i. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni màgòmágó nínú ìdíje ẹja ní Texas, tí ẹ̀bùn rẹ̀ bá sì tó 10,000 dọ́là, felony ni, ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ńlá. Ẹni tó ń wá green card mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí.

Ẹni tí kò ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, kó wá ìdíje kayak, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà. Ẹ ò ní gbé ẹja lọ síbì kankan: ẹ tẹ́ ẹ sórí pátákó ìwọ̀n, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ó padà sómi. Ní tèmi, ìyẹn dáa ju kí wọ́n kó abo tó kún fẹ́yin rìn káàkiri adágún. Àwọn ọmọ yín tó wà ní girama náà, ẹ béèrè bóyá iléèwé wọn ní ẹgbẹ́ bass. Ọ̀pọ̀ ní, àwọn ọmọ ló ń pẹja, àgbàlagbà kan á wa ọkọ̀. Ọmọ tí kò tíì pé 13 gbọ́dọ̀ wọ life jacket nínú ọkọ̀ kékeré tó bá ń rìn, ọmọ tó gbó lójú náà ò gbẹ́yìn.

Bí èyí tẹ́ ẹ pa bá tó pọ́n-ùn 13 láàárín January sí ìparí March, ẹ má dá a padà. Ẹ pe àwọn ShareLunker, ètò Texas Parks and Wildlife tó ń fi bass ńláńlá bí irú wọn, wọ́n á wá gbé e lọ sí ilé ìbísí ẹja wọn ní ìlú Athens, kó yé ẹyin síbẹ̀. Láti 1986 ni wọ́n ti ń ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá ń kúrò, òfin ní kẹ́ ẹ da gbogbo omi inú ọkọ̀ nù, nítorí ìṣáwùrú zebra tó ń bá omi rìn láti adágún kan dé òmíràn. Ìdérí kan wà nídìí ọkọ̀ tẹ́ ẹ máa yọ. Ẹ so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín. Mo ti rí ọkùnrin kan lówùúrọ̀ ìdíje tó ti ọkọ̀ sómi láìdá tiẹ̀ padà, tó dúró sórí èbúté tó ń pe orúkọ Jésù, tí ìdí ọkọ̀ ń rì lọ díẹ̀díẹ̀ níwájú gbogbo wa.